Ìkòkò Dada n'Ílọrin ni mo fi ń gbin fúláwà báyìí

Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń lo ìkòkò amọ̀ tí mo rà ní Dada, l'Ókèlele n'Ílọrin, àwọn tó bá sì ti rí i níwájú ilé mi ṣáà ń bi mí, torí náà ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí.

Ìkòkò tánńganran ni mo kọ́kọ́ rà ní ṣọ́ọ̀bù kan n'Íbàdàn, aláwọ̀ búlúù, ó ń dán, ó wọ́n bí ojú, àmọ́ kò ní ihò nídìí, ẹni tó tà á ní kò sí wàhálà, kí n ṣáà máa rọra bomi rin ín. Òjò oṣù kẹfà dé, omi dúró sísàlẹ̀, gbòǹgbò croton mi jẹrà pátá. Mo ní kí n lu ihò sí i, bí dírílì ṣe kàn án ló là sí méjì. Ó dùn mí gan-an.

Àwọn ìyá ló ń mọ ìkòkò ní Dada, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Wọ́n á tò ó jọ sílẹ̀ gbalasa, wọ́n á kó igi àti koríko gbígbẹ lé e, wọ́n á sun ún, bó ṣe gbóná lọ́wọ́ náà ni wọ́n á ti máa wọ́n omi èèpo irúgbá sí i, òun ló ń jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀ pọ́n dúdú tó ń wù mí yẹn. Iná gbalasa ò lágbára tó ti ilé ìsunkòkò, torí náà amọ̀ ẹ̀ máa ń fa omi. Ẹ rántí orù omi ilé màmá àgbà tó máa ń làágùn, tí omi inú ẹ̀ á tutù nini? Bẹ́ẹ̀ náà ni, ìdí gbòǹgbò á tutù, omi ò ní dúró pa á. Àmọ́ tí ọyẹ́ bá dé, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ lẹ máa bomi rin ín o. Nǹkan funfun bí iyọ̀ tó máa ń hàn lára ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yan, ẹ fi ìka kàn án. Tó bá dún gooro, ó jinná, tó bá dún pọ̀, ó ti sán níbì kan, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ìdí ẹ̀ kó nípọn. Ti ihò ló ṣe pàtàkì jù: ìyá tó ṣe tèmi ní, "Ọmọ mi, kó tó gbẹ la ti ń dá a, tá a bá ti sun ún, ó ti bọ́." Mo bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, mo padà wá gbé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ má gbé irú ẹ̀ síta nígbà òtútù, omi ara amọ̀ á di yìnyín, á wú, á fọ́ ọ. Stoneware ni kẹ́ ẹ wá, ìkòkò amọ̀ líle tí kì í fi bẹ́ẹ̀ fa omi, èyí tí wọ́n sun ní bíi 1,200 sí 1,300 digiri Celsius, irú èyí tí Ladi Kwali tó wà lẹ́yìn ₦20 ṣe ní Suleja.

Mẹ́fà ni mo rà. Ọ̀kan fọ́ lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ torí mi ò fi koríko há a láàárín nínú bùútù, márùn-ún tó kù le dáadáa dòní. Mo tún ti bá ìyá sọ ti ńlá méjì, ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fẹ́ gbìn sí i.