unc0ver lórí iPhone 7 mi: irinṣẹ́ náà dára, ọ̀nà tí mo kọ́kọ́ gbà ni kò dára

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Sábó, ní Ìkòròdú, orí fóònù sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti máa ń ka ìwọ̀n wọn fún mi. Mo fẹ́ máa gba ìpè wọn sílẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kí n má baà fi ìwọ̀n àyà ẹnìkan rán aṣọ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n iPhone 7 mi tó wà lórí iOS 14.3 (iOS ni ètò tó ń darí iPhone) kò ní ohun tí a lè fi ṣe é. Bí mo ṣe dé ìdí jailbreak nìyẹn, èyí tí í ṣe títú ìdè tí Apple fi de fóònù, kí a lè gbé ohun tí kò sí nínú App Store, ibi tí Apple ti ń pín áàpù, sórí rẹ̀. unc0ver ni áàpù tí a fi ń ṣe é.

Ìkànnì àkọ́kọ́ tí mo ti wá a ní kí n gba áàpù méjì mìíràn, kí n sì ṣí wọn fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ó lè dá a mọ̀ pé ènìyàn ni mí. Mo ṣe é. Kò sí jailbreak kankan níbẹ̀. Owó ìpolówó áàpù wọ̀nyẹn ni ẹni tó ni ìkànnì náà ń wá.

Ìkànnì kejì gbé unc0ver wọlé lóòótọ́, lẹ́yìn tí mo ti fọwọ́ sí i nínú Settings pé mo fọkàn tán ilé-iṣẹ́ kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ìwé-ẹ̀rí tí Apple ń fún ilé-iṣẹ́ láti fi pín áàpù fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ni irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ń lò, bí Apple bá sì ti fagi lé e, áàpù kò ní ṣí mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá pa fóònù tí a tún tan án, inú áàpù unc0ver yìí kan náà ni a ó ti tún jailbreak ṣe. Ní ọjọ́ kẹrin, kò sí iná, bátìrì mi kú. Nígbà tí mo tan fóònù padà, áàpù kọ̀, agbohùnsílẹ̀ ìpè tí mo ti gbé sórí rẹ̀ dákẹ́, ní ọ̀sẹ̀ tí aṣọ ẹbí ènìyàn 40 wà lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí gan-an.

Lẹ́yìn náà ni mo yá kọ̀ǹpútà àbúrò mi, mo gba unc0ver 6.0 ti ọdún 2021 láti ìkànnì àwọn tó ṣe é gan-an, mo sì fi AltStore, irinṣẹ́ tí a fi ń gbé áàpù tí kò sí nínú App Store sórí iPhone, gbé e wọlé pẹ̀lú Apple ID tí mo ṣí fún un nìkan. Ọjọ́ 7 péré ni ìwé-ẹ̀rí ọ̀fẹ́ tí Apple ID bẹ́ẹ̀ ń fún áàpù ń lò, nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ dọ̀tun ní gbogbo alẹ́ Sátidé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ló wà. Agbohùnsílẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa báyìí. Áàpù báńkì mi nìkan ni kò gbà láti ṣí lórí fóònù tí a ti tú ìdè rẹ̀. Fóònù kékeré mi ni mo fi ń fi owó ránṣẹ́.