Ajá mi ti dé London: ìràwọ̀ 3 nínú 5 fún éjẹ́ǹtì tó bá mi gbé e

Mi ò ní dárúkọ wọn torí a ti parí ìjà, wọ́n sì dá díẹ̀ padà nínú owó mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbé ajá láti Èkó wá síbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Tanímọ̀la lajá mi ń jẹ́, ajá ìlú wa lásán ni o, kì í ṣe àwọn onírun gbọọrọ yẹn, ọdún mẹ́fà la ti jọ ń gbé. Nígbà tí màmá mi gbọ́ iye tí mò ń san, wọ́n figbe ta, "Ajá? Ṣé wọn ò tajá ní London ni?" Ká sòótọ́, owó ẹ̀ ju ìlọ́po méjì tíkẹ́ẹ̀tì tèmi lọ. Mo rò pé ẹsẹ̀ mi ló máa jókòó sí nínú bàálù, àṣé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀, àfi irú ajá tó ń fọ̀nà han afọ́jú. Kágò ló gbọ́dọ̀ bá wá.

Ibi tí wọ́n ti já mi kulẹ̀ rèé. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo ẹ̀ máa gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ̀! Nítorí dìgbòlugi, ajá tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ máa kọ́kọ́ gba microchip (nǹkan kékeré tó ní nọ́ńbà, tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ara ẹ̀), kó tó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kó dúró ọjọ́ 30, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù tí wọ́n fọwọ́ sí, èsì ẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ààbò tí àjẹsára yẹn ti fún ara ẹ̀, ò gbọ́dọ̀ dín sí 0.5 IU/ml, láti ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yẹn ó tún di oṣù 3 gbáko. Dókítà ẹran tiwọn wá gún un lábẹ́rẹ́ tán, ó di ọjọ́ kẹsàn-án kó tó fi microchip sí i. Abẹ́rẹ́ yẹn di òfo nìyẹn, torí kò sí nọ́ńbà lára ajá tó máa fi hàn pé òun gan-an ni wọ́n gún. Ni a bá tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tèmi ti wà nílẹ̀, mo lọ ní oṣù kejì, ajá wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn títí di oṣù keje. Tí mo bá pè é lórí fídíò WhatsApp, ẹ̀yìn fóònù ló máa lọ wá mi sí.

Àmọ́ ká má parọ́ mọ́ wọn, nígbà tó kan ìrìn-àjò fúnra ẹ̀, wọ́n mọṣẹ́. Ìwé NAQS, ìyẹn àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń yẹ ẹran àti ohun ọ̀gbìn wò kó tó jáde, àwọn ni wọ́n sáré ẹ̀. Oògùn aràn tó gbọ́dọ̀ mu láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó balẹ̀, dókítà fún un lásìkò ó sì kọ wákàtí ẹ̀ sílẹ̀. Aládùúgbò ẹ̀gbọ́n mi kan ní ká fún un ní oògùn oorun kó má baà bẹ̀rù, éjẹ́ǹtì kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní tó bá mú èémí ẹ̀ wálẹ̀ lókè níbẹ̀, ta ló máa gbà á? Kéèjì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá ti kéré, etí ẹ̀ ń kan òrùlé, bẹ́ẹ̀ òfin IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù lágbàáyé, ni pé kó lè nàró dáadáa, kó yípo, kó nà gbalaja, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí méjì wọ́n ti rí èyí tó tóbi. Ẹ̀rù bà mí pé òtútù á pa á nísàlẹ̀ bàálù, àṣé atẹ́gùn ibi tí wọ́n ń kó wọn sí ò yàtọ̀ sí ti òkè lọ́dọ̀ èrò, wọ́n sì máa ń sọ fún awakọ̀ gan-an pé ẹran wà nísàlẹ̀.

Ní Heathrow, ilé ẹranko tó wà lábẹ́ City of London ló gbà á, wọ́n ka nọ́ńbà ara ẹ̀, wọ́n yẹ ìwé wò, mo jókòó wákàtí márùn-ún. Nígbà tó jáde ó gbóòórùn bàtà mi, ó tún un gbọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọmọdé, lẹ́yìn náà ló lọ tọ̀ sí táyà mọ́tò ọ̀rẹ́ mi tó gbé mi wá. Ìtọ̀ yẹn pọ̀ o.