Al Jazeera elédè Lárúbáwá: ohun tí mo rí nínú rẹ̀

Ẹni tó bá ti jókòó nílé kéwú títí dé ìdí náhù (gírámà Lárúbáwá) mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀: a ó ka kitáàbù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣùgbọ́n bí Lárúbáwá kan bá bá wa sọ̀rọ̀ kíákíá, a ó máa wo ẹnu rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń wo Al Jazeera, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n ìròyìn. Èyí tó ń fi èdè Lárúbáwá sọ̀rọ̀ láti Doha, olú-ìlú Kàtárì, ni mo ń wí o, kì í ṣe ti òyìnbó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006.

Mi ò ní díìṣì. Orí YouTube ni mo ti ń wò ó, tọ̀sán tòru ni wọ́n sì ń gbé e síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Dátà nìkan la ó san. Aago Mẹ́kà ni wọ́n ń pè, ẹ yọ wákàtí méjì kẹ́ ẹ tó mọ aago Nàìjíríà.

Èdè wọn dùn ún gbọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 1996, tí Jamal Rayyan ka ìròyìn àkọ́kọ́, ni wọ́n ti mú un lọ́kùn-únkúndùn. Kò yani lẹ́nu, torí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wọn ìgbà náà ló wá láti tẹlifíṣọ̀n Lárúbáwá ti BBC tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kógbá sílé lọ́dún yẹn. Bí Khadija Benguenna, ọmọ Algeria, bá ń ka ìròyìn, yékéyéké ni ọ̀rọ̀ ń jáde. Ibẹ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó kan ètò àríyànjiyàn «Al-Ittijah al-Mu'akis» (Ìhà Òdìkejì) ti Faisal al-Qassem, ọmọ Síríà, ẹ ṣe sùúrù: alátakò méjì ló ń kó jókòó, bí inú bá sì ti ń bí wọn, èdè ìlú kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ibẹ̀ ni gbogbo náhù tá a kọ́ á ti dákẹ́.

Ogun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà ìjà Gásà, Fayez al-Dwairi, ọ̀gágun Jọ́dánì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń dúró ti àwòrán ilẹ̀ tó ń ṣàlàyé bí ọmọ ogun ṣe ń rìn, débi pé jagunjagun kan pe orúkọ rẹ̀ nínú fídíò pé kó wá túmọ̀ ohun tóun ṣe. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé mo mọ orúkọ oríṣiríṣi ohun ìjà lédè Lárúbáwá, bẹ́ẹ̀ mi ò lè fi ra ata.

Ṣé a lè gba ìròyìn wọn gbọ́? Owó Kàtárì ló dá a sílẹ̀, ó sì hàn. Wọn a máa na ọba àti ààrẹ ilẹ̀ Lárúbáwá yòókù lẹ́gba ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti kan ààfin Doha, ohùn á rẹlẹ̀. Ní 2017, nígbà tí Saudi, Emirates, Bahrain àti Íjíbítì gé àjọṣe wọn pẹ̀lú Kàtárì, títi ìkànnì yìí pa wà lára ohun 13 tí wọ́n béèrè. Èmi a máa wo Al Arabiya, ti àwọn Saudi, mọ́ ọn lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà; ìgbà mìíràn, ẹ ó rò pé ìlú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ròyìn.

Síbẹ̀, mi ò ní pè wọ́n ní agbẹnusọ lásán. Ìbọn pa Shireen Abu Akleh, akọ̀ròyìn wọn, lẹ́nu iṣẹ́ ní Jenin nílẹ̀ Palẹstínì lọ́jọ́ 11 oṣù karùn-ún 2022. Wael al-Dahdouh, akọ̀ròyìn wọn mìíràn, pàdánù ìyàwó àtàwọn ọmọ ní Gásà ní oṣù kẹwàá 2023, kò sì pẹ́ tó fi tún di máíkì mú. Àwọn tó wà níbi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ ni mo gbà gbọ́ jù nínú wọn. Àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ lórí àga, mo ń fi etí kan gbọ́ wọn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un fún ọmọ kéwú. Ẹni tó ń wá ìròyìn Áfíríkà yóò rí Sùdánì níbẹ̀ dáadáa, ti Líbíà náà kì í wọ́n, ṣùgbọ́n tiwa níhìn-ín, kó wá a síbòmíràn.