PDO inú PHP: ohun tójú mi rí lẹ́nu lílò ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi PHP kọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ọ̀rọ̀ PDO, irinṣẹ́ tí PHP fi ń bá dátábéèsì (ibi tí sáìtì ń kó àkọsílẹ̀ ẹ̀ pamọ́ sí) sọ̀rọ̀, ni mo bá wá o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó, ọ̀fẹ́ ni, inú PHP fúnra ẹ̀ ló wà láti ẹ̀dà 5.1. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan, àmọ́ ó níbi tó ti fìyà jẹ mí.

Iṣẹ́ tó jẹ́ kí n mọyì ẹ̀ ni ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tó ní kí n wá bá àwọn tún sáìtì àwọn ṣe. Mo ṣí kódù yẹn, háà, mysql_query, ọ̀nà àtijọ́ tí PHP fi ń bá dátábéèsì MySQL sọ̀rọ̀, wà káàkiri, páswọ́ọ̀dù dátábéèsì wà nínú fáìlì tó lé ní ogójì. Àwọn tó ni sáfà sì ti gbé PHP wọn bọ́ sí 7, bẹ́ẹ̀ 7.0 tó jáde ní 2015 ti yọ gbogbo mysql_ yẹn dànù, láti 5.5 ní 2013 ni ìkìlọ̀ ẹ̀ ti ń bọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ojú ìwé funfun báláú làwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń rí.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ìyá kan tó ń jẹ́ Mu'minat. Látìgbà tí sáìtì yẹn ti ń ṣiṣẹ́ ni orúkọ ẹ̀ ò ti wọlé, torí àmì kékeré tó wà láàárín ẹ̀. Kódù yẹn kàn ń lẹ orúkọ mọ́ àárín SQL, èdè tá a fi ń pàṣẹ fún dátábéèsì, ni, bó bá ti kan àmì yẹn, MySQL á rò pé orúkọ ti parí síbẹ̀, minat tó kù á wá dìjàngbọ̀n. Ihò yẹn gan-an lolè ń gbà wọ dátábéèsì. Wọ́n ní kí ìyá máa kọ Muminat, inú bí mi gan, orúkọ tí wọ́n sọ èèyàn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ṣé kódù ló máa wá yí i padà?

Kíláàsì (ìdì kódù kan) tí mo kọ lé PDO lórí ò tó ọgọ́ta ìlà. Ibẹ̀ nìkan ló ti ń so mọ́ dátábéèsì, páswọ́ọ̀dù wà nínú fáìlì config kan tí bùráúsà ò lè dé, iṣẹ́ mẹ́ta péré ló ń ṣe: run (kó ṣe ohun tí SQL wí), one (kó mú ìlà kan wá), all (kó mú gbogbo ìlà wá). Ẹ kọ SELECT * FROM omo_egbe WHERE oruko = ?, ? ló di àyè orúkọ mú, orúkọ fúnra ẹ̀ á tẹ̀lé e lọ́tọ̀, Mu'minat wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Òun náà ni mo gbé lọ síbi iṣẹ́ ilé ìwé kan àti ti ṣọ́ọ̀bù kan, config nìkan ni mo yí. Tẹ́lẹ̀ mo ti fi getMember àti getLoan, iṣẹ́ tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ yẹn nìkan, sínú ẹ̀, bí mo ṣe fẹ́ gbé e lọ síbòmíì báyìí kò ṣe é gbé, ohun tó bá jẹ́ ti iṣẹ́ kan ṣoṣo ẹ má fi síbẹ̀ rárá.

Ìyà tó fi jẹ mí ńkọ́? Ṣáájú PHP 8.0 ní 2020, tí SQL yín bá láṣìṣe, PDO á kàn dákẹ́ ni, ẹ ó máa wá ohun tó ṣe é títí ilẹ̀ á fi ṣú, àfi kẹ́ ẹ fúnra yín yàn ERRMODE_EXCEPTION, ìyẹn kó máa pariwo àṣìṣe, fún un. Ẹ tún kọ charset=utf8mb4, tó mọ àwọn àmì èdè wa, sínú DSN, ìlà tó ń sọ dátábéèsì tí PDO máa so mọ́. Ọjọ́ kan tí mo gbàgbé ẹ̀ lórí sáfà àtijọ́ kan, Ṣọla jáde bíi ??la, mo ti ń bá tábìlì jà, tábìlì ò sì ṣe nǹkan kan, ọ̀nà tí orúkọ gbà wá ni ò mọ àmì ìsàlẹ̀. ATTR_EMULATE_PREPARES náà, ètò tó ń jẹ́ kí PDO fúnra ẹ̀ ki ọ̀rọ̀ bọ ipò ? kó tó rán SQL lọ, ẹ sọ ọ́ di false tó bá jẹ́ MySQL, nígbà tí n ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ LIMIT ? (iye ìlà tí mo fẹ́) dà mí láàmú, ó ń fi àmì ọ̀rọ̀ yí 10 ká.

Orúkọ tábìlì ò lè bọ́ sípò ? o, ẹ má gba ìyẹn lọ́wọ́ aṣàmúlò. PDO kì í sì í tú SQL fún yín, èyí tẹ́ ẹ kọ fún MySQL lè má ṣiṣẹ́ lórí dátábéèsì míì bíi PostgreSQL.

Ibi owó yíyá, beginTransaction, tó ń so gbogbo ìgbésẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, ló gbà mí, tí ìdá kan bá kùnà, rollBack á dá gbogbo ẹ̀ padà, tó bá jẹ́ MySQL, irú InnoDB ni tábìlì yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ṣá, irú MyISAM ò mọ ìyẹn.

Ẹni tó ń lo mysqli, irinṣẹ́ PHP míì tó wà fún MySQL nìkan, tó sì ń prepare dáadáa (ìyẹn, tó ń lo ? bíi tòkè yẹn), tó jẹ́ MySQL nìkan ló ń bá ṣe, kó dúró síbẹ̀ jàre.