Àyẹ̀wò èémí àbí kámẹ́rà inú?

Kòkòrò Helicobacter pylori ló ń fa ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú. Àyẹ̀wò èémí tí wọ́n fi ń wá a rọrùn: ẹ ó fẹ́ èémí sínú àpò, ẹ ó mu omi tí wọ́n fi yúríà (èròjà kan tí wọ́n ti sàmì sí) sí, lẹ́yìn bí 30 ìṣẹ́jú ẹ ó tún fẹ́ òmíràn. Bí kòkòrò náà bá wà nínú ikùn yín, á tú yúríà yẹn ká, àmì rẹ̀ á sì bá èémí jáde. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò yìí kò lè rí ọgbẹ́ fúnra rẹ̀. Kámẹ́rà tí wọ́n ń ti ọ̀nà ọ̀fun kì bọ inú ló ń rí i. Kò rọ ọ̀fun lọ́rùn, òótọ́ ni. Síbẹ̀, ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tó ń bi ẹ̀jẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn tó ní kámẹ́rà.