"Èmi ló kàn" àti ọ̀rọ̀ Kàdúná: èwo ló burú jù?

Ní Abẹ́òkúta, oṣù Kẹfà 2022, Tinubu, tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì APC láti du ipò ààrẹ nínú ìdìbò 2023, fi ìbínú sọ pé bí kì í bá ṣe òun ni, Buhari ì bá má wọlé. Ó tún pe gómìnà tó jókòó níbẹ̀ ní "eléyìí". Ẹ gbọ́ àrífín! Síbẹ̀, "èmi ló kàn" tó sọ níbẹ̀ di orin lẹ́nu àwọn èèyàn rẹ̀.

Ti Atiku, olùdíje ààrẹ fún ẹgbẹ́ PDP, ní Kàdúná, oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, kò ṣeé fi kọrin: ó ní ará Àríwá kò nílò olùdíje Yorùbá tàbí Igbo. Bẹ́ẹ̀ gómìnà PDP márùn-ún ti ń bínú tẹ́lẹ̀ pé Àríwá ló mú ipò alága ẹgbẹ́ wọn àti ti olùdíje ààrẹ. Lójú tèmi, èyí ló burú jù.