Ilé Ìtẹ̀wé Kan ní Sápọ́n tó Mọ Ìwé Ìtàn Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ í Ṣe

Ilé ìtẹ̀wé kì í ṣe ohun àwátì ní Abẹ́òkúta, ìlú tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn èdè Yorùbá jáde láti ọdún 1859. Ṣùgbọ́n bí ẹbí bá ní kí wọ́n bá àwọn ṣe ìwé ìrántí fún àgbà wọn, ohun tí wọ́n sábà máa ń gbà padà kò ju fọ́tò aláràbarà, oríkì àti ọ̀rọ̀ ìkíni àwọn ọmọ àti àna lọ. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Sápọ́n, tí a gbé iṣẹ́ ìwé ọgọ́rin ọdún bàbá wa fún, ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olùkọ́ ni bàbá wa, wọ́n sì jẹ́ akọ̀wé ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà, ìyẹn NUT, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dá mi lójú pé iṣẹ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ló yẹ kó gba ojú-ìwé jù nínú ìwé rẹ̀.

Kí olóòtú wọn tó mẹ́nu kan fọ́tò rárá ló ti béèrè àkọsílẹ̀ ìpàdé, ẹ̀dà lẹ́tà àti ìwé owó oṣù àtijọ́. Ó kó wọn lọ, ó kà wọ́n tán, ó sì wá bá Bàbá jókòó nílé. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ kọ́kọ́ máa ń ṣe bí olùkọ́ bá mú ẹjọ́ wá, kí ọ̀rọ̀ tó di ìyanṣẹ́lódì?” Ìdáhùn Bàbá ló di orí tó gùn jù nínú ìwé náà, òun náà ló sì dára jù. Níbẹ̀ ni a ti kà nípa bí akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣe ń tẹ̀lé fáìlì láti orí tábìlì kan dé òmíràn ní Òkè-Mosàn, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn wà, nítorí opó olùkọ́ tí owó ọkọ rẹ̀ kò jáde, bó ṣe ń kọ lẹ́tà fún olùkọ́ tí wọ́n gbé lọ sí abúlé jíjìnnà lẹ́yìn tó bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ jiyàn, àti bó ṣe ń dúró níwájú ìpàdé láti ṣàlàyé ohun tí wọ́n fi owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù ọmọ ẹgbẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ariwo ni iṣẹ́ náà. Ìwé kíkọ, sùúrù àti ìdúnàádúrà tó ń wọ òru ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Olóòtú náà kò sì jẹ́ kí ìtàn Bàbá dá dúró lásán. Ó fi hàn pé Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, tó di ọ̀gá Abeokuta Grammar School ní ọdún 1932, ni ààrẹ àkọ́kọ́ NUT nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1931. Ẹ̀gbẹ́ ìwé owó oṣù Bàbá ti ọdún 1981 ló kọ ọ́ sí pé ọdún náà ni owó oṣù tó kéré jù lọ di 125 náírà, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì tí NLC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, ṣe lábẹ́ ààrẹ rẹ̀, Hassan Sunmonu. Ní apá tó dá lórí ìfẹ̀yìntì, ó gba Bàbá láàyè láti sọ ohun tó ṣì ń dùn wọ́n: òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé kí wọ́n máa ṣe àtúnyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àtúnyẹ̀wò owó oṣù, èyí tó bá kọ́kọ́ yá nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n Bàbá ní wọn kì í tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò dára tó iṣẹ́ ọpọlọ wọn. Lẹ́tà àtijọ́ méjì ṣú débi pé a kò lè kà wọ́n, èèpo ẹ̀yìn àwọn ẹ̀dà kan sì ń ṣí kúrò; wọ́n tún èèpo náà ṣe láìgba kọ́bọ̀ lé e. Owó wọn ga ju ti àwọn tó yí wọn ká, iṣẹ́ wọn sì ń pẹ́. Mo tún máa gbé iṣẹ́ fún wọn. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí àgbà náà kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, kí ẹ sì kó gbogbo ìwé ẹgbẹ́ tó wà nínú àpótí wọn dání, títí kan èyí tí ẹ rò pé kò wúlò.